ÌTẸ̀KA ORÍ FÓÒNÙ

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní Mọníyà

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn àpótí kéékèèké tó máa ń yọ sójú fóònù nígbà tí a bá ṣí ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á ní kí a tẹ "Accept". Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú èyí, nígbà tí owó oṣù kò tíì tó jẹun. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀nà tí mo máa gbà dé ibẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Láyé ìjọba òyìnbó, bí òṣìṣẹ́ tí kò kàwé bá fẹ́ wọṣẹ́, akọ̀wé á gbé páàdì íǹkì síwájú rẹ̀, á di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìwé. Ohun tó wà nínú ìwé náà, akọ̀wé àti ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí wàhálà bá dé lẹ́yìn náà, wọ́n á na ìwé sí i: "Ṣé ìwọ kọ́ lo tẹ̀ka síbí ni?" Kì í ṣe ìjà kékeré ni àwọn tó ṣáájú wa nínú ẹgbẹ́ jà kí ó tó di pé òṣìṣẹ́ lè sọ pé, "Ẹ kà á sí mi létí ná." Lónìí ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka ti padà wá. Orí gíláàsì fóònù ló wà báyìí. Kò sí íǹkì níbẹ̀, àtàǹpàkò kan náà la sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìdíkọ̀ wa níbí, kí ó tó dé Èkó, ó lè ti tẹ̀ka sí ìwé mẹ́wàá: ọ̀kan láti ka ìròyìn, ọ̀kan láti wo èsì bọ́ọ̀lù, ọ̀kan láti ta tẹ́tẹ́, ọ̀kan láti yá owó. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fọwọ́ sí, yóò ní òun kàn fẹ́ kí àpótí náà kúrò lójú òun ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń pè é ní cookie. Kúkì ni èmi yóò máa pè é. Lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, irú bísíkíìtì kan ni, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní ọdún 1994. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà tó wà nídìí ìkànnì kò lè rántí ẹnikẹ́ni. Bí o bá mú ọjà kan sínú apẹ̀rẹ̀ tí o sì ṣí ojúewé kejì, ojú àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò fi wò ọ́. Montulli wá ní kí ìkànnì fún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà oníbàárà ní nọ́ńbà kan, kí ẹ̀rọ náà tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa fà á yọ nígbàkígbà tó bá padà wá.

Ẹ rántí káàdì ọsibítù. Nọ́ńbà lásán ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí i he nílẹ̀ kò lè mọ àìsàn tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, yóò wọ yàrá fáìlì lọ, yóò fa tìrẹ yọ, gbogbo ohun tí dókítà ti kọ nípa rẹ láti ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kúkì rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kéré. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ wọn ló pọ̀. Kò sì sí aburú kankan nínú pé kí ọsibítù kan mọ fáìlì aláìsàn tirẹ̀. Bí kò bá sí irú kúkì yẹn, ìkànnì báńkì rẹ yóò máa gba orúkọ àti nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ojúewé tí o bá ṣí, títí yóò fi sú ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí àwọn oníṣòwò ìpolówó ọjà rí i pé àwọn lè gba àyè nínú ìkànnì àwọn ẹlòmíràn, kí àwọn náà máa fún ènìyàn ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olóògùn kan ní Ọ̀jọ́ọ̀. Ọkùnrin kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́, òun ló wà ní gáréèjì, òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, òun náà ló tún wà níbi tí wọ́n ti ń yáni lówó èlé. Kò fi dandan mọ orúkọ rẹ. Nọ́ńbà káàdì rẹ ló ń kọ: ẹni yìí ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, ó ta tẹ́tẹ́ lọ́sàn-án, ó wádìí owó yíyá lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti ta ohun tó kọ fún ẹni tó fẹ́ polówó oògùn, tẹ́tẹ́ àti owó èlé. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí o wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi ń tẹ̀ lé ọ kiri ojúewé gbogbo. Àwọn kan nínú wa rò pé oṣó wà nínú fóònù. Kò sí oṣó kankan níbẹ̀.

Google àti Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, ló tóbi jù nínú òwò yìí. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tí ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà mìíràn tí àpótí náà bá yọ, ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé "Partners", kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí ìkànnì ẹyọ kan. Gbogbo wọn ni àtàǹpàkò rẹ ń gbà láyè lẹ́ẹ̀kan náà. Owó wa ni wọ́n sì ń fi ṣe é o, nítorí dátà tí a rà láti fi ka ìròyìn, apá kan nínú rẹ̀ ni àwọn amí tó bá ojúewé náà wọlé ń jẹ.

Nínú àwọn áàpù tí a ń gbà sórí fóònù, ohun mìíràn ni wọ́n ń lò dípò kúkì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Fóònù Android fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà ìpolówó kan tí áàpù púpọ̀ lè kà. Ẹni tó kọ áàpù náà tún lè fi amí ilé iṣẹ́ mìíràn sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìwọ kò ní rí àpótí kankan tó yọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Kí ni òfin wí? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 37, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tojú bọ ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní ọdún 2019, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ìlànà kan jáde lórí àkọsílẹ̀ nípa ẹni. Lẹ́yìn èyí ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin gidi lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n ń pè ní Nigeria Data Protection Act. Àjọ NDPC ní Àbújá ló ń bójú tó o.

Abala 26 òfin náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ó ní ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ nípa rẹ ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé o fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ìwọ ni yóò máa wá ẹ̀rí pé o kò fọwọ́ sí i. Ó ní àpótí tí wọ́n ti bá ọ fàmì sí kí o tó dé kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ó ní èdè tó rọrùn tó sì yéni ni kí wọ́n fi béèrè. Ó sì ní dídákẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Àwa Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ yìí òfin kò tẹ̀ lé òwe: ẹni tó bá dákẹ́, kí wọ́n kà á sí ẹni tí kò gbà. Abala 35 wá fi kún un pé o lè gba ìyọ̀ǹda rẹ padà nígbàkígbà, àti pé bí ó ṣe rọrùn láti fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kí ó rọrùn láti gbà á padà.

Ẹ wá wo ìkànnì púpọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí o bá ń ka ojúewé yìí lọ, o ti gba kúkì wa nìyẹn. Lójú tèmi, kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ tó bá ti gba géètì wọlé ti gba owó tí òun fẹ́ san. Ṣé ẹni tó gba géètì wọlé ti tọwọ́ bọ̀wé ni?

Àwọn tó ń lọ sí ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè á ti rí àpótí tó gùn ju ìyẹn lọ. Àwọn ará Yúróòpù ló ni ìyẹn. Òfin wọn ti ọdún 2002, tí wọ́n tún ṣe ní 2009, ló ní kí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó fi kúkì sẹ́rọ ènìyàn. Òfin wọn mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, mú kí ìtumọ̀ ìfọwọ́sí le sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ àgbà wọn sọ nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Jámánì kan, Planet49, pé àpótí tí wọ́n ti fàmì sí tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í sùn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n béèrè, wọ́n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi béèrè tí o kò fi ní lè kọ̀. Wọ́n á kun "Accept all" ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, á tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Èyí tí yóò jẹ́ kí o kọ̀, wọ́n á fi lẹ́tà eérú kékeré kọ "Manage options", ìwọ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún gbé ojúewé mìíràn wá, á gùn, á ṣòro, títí ọwọ́ rẹ yóò fi rẹ̀. Àjọ tó ń ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Faransé, tó ń jẹ́ CNIL, kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 pé kí Google san owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 owó euro, kí Facebook san mílíọ̀nù 60, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ láti gbà, ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ kó tó lè kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ "Reject all".

Mo ní mo ń bọ̀ wá sórí owó oṣù. Òfin ọdún 2024 ní kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má ṣe dín sí ₦70,000. Gbogbo wa la mọ ibi tí owó yẹn ń dé nínú oṣù. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n á san òmíràn, ibẹ̀ ni àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ti ń pàdé wa. Wọn kì í béèrè onídùúró, wọn kì í béèrè ìwé ilé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, owó ti wọ àkáǹtì. Àpótí kan á yọ: ṣé kí áàpù yìí máa wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ? "Allow". Ṣé kí ó máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ? "Allow". Onídùúró tí wọ́n ní àwọn kò béèrè, a ti fún wọn ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Bí ìyàwó ilé bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó má rò pé ìtàn ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà (₦10,000,000) owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ Soko Lending Company, tó ní áàpù Sokoloan. Ẹ̀sùn ti ń lọ sọ́dọ̀ àjọ náà láti oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó á gba áàpù náà sórí fóònù, á fún wọn láṣẹ kí wọ́n máa yọ owó wọn ní báńkì, áàpù náà á sì wọ inú ìwé nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nínú ẹ̀sùn kan, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yọ owó pé, owó inú àkáǹtì oníbàárà náà kò tó. Ni ilé iṣẹ́ náà bá ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Àjọ wádìí, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni àwọn wọ̀nyí gba àtẹ̀jíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yá owó, wọn kò sì fọwọ́ sí ohunkóhun. Ohun mìíràn tí wọ́n tún rí ni èyí tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan: áàpù náà ní àwọn amí nínú tó ń kó ọ̀rọ̀ oníbàárà fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, tí wọn kò sì sọ fún oníbàárà.

Gbèsè sísan dára, èmi kò wá síbí láti kọ́ ẹnikẹ́ni kó má san gbèsè. Àwọn bàbá wa náà mọ bí wọ́n ṣe ń sin owó. Wọ́n máa ń dógò ti onígbèsè: ológò á wọ àgbàlá rẹ̀, á jókòó, á máa bú u, á pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí owó á fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, àwọn tí a ń pè ní Òṣómàáló, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní dìde láìgba owó wọn. Kí àwọn Ìjẹ̀ṣà inú wa má bínú, oríkì ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè ni Òṣómàáló ń lóṣòó sí. Kì í lọ sílé àna rẹ̀ ní ìlú mìíràn, kì í lọ bá fóòmàn rẹ̀ níbi iṣẹ́, kì í sì í sọ fún àlùfáà rẹ̀ pé olè ni. Àwọn ti ìsinsìnyí ń ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, àwa la sì fi àtàǹpàkò ara wa júwe ilé fún wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe nọ́ńbà ara wa nìkan la fún wọn. A bá àna wa tẹ̀ka, a bá fóòmàn tẹ̀ka, a bá ìyá arúgbó tí kò ní áàpù kankan lórí fóònù rẹ̀ tẹ̀ka.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú àwọn ayánilówó wọ̀nyí ní Èkó. Láti ọdún yẹn ni wọ́n ti ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Google náà fòfin dè é láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé áàpù owó yíyá tó wà lórí Play Store kò gbọdọ̀ wo ìwé nọ́ńbà tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́. Ìlànà tuntun tí FCCPC gbé jáde ní 2025 ní owó ìtanràn lè tó ₦100 mílíọ̀nù, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ náà lọ́dún. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ti ìjọ́sí kéré jù lójú mi. Owó ẹja ni fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé àwọn ènìyàn tó kọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ńlá náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni WhatsApp gbé ìlànà tuntun wá, gbà á tàbí kí o máa lọ. FCCPC ṣe ìwádìí fún ọdún mẹ́ta, ó sì bu $220 mílíọ̀nù lé Meta ní oṣù keje ọdún 2024. Lára ohun tó sọ ni pé ilé iṣẹ́ náà kò fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní kan náà tó fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn tó ní irú òfin wa. Meta pe ẹjọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ dá FCCPC láre ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni NDPC ti bu $32.8 mílíọ̀nù lé wọn lọ́tọ̀, nítorí pé wọ́n ń fi ìwà àti ìrìn ènìyàn polówó ọjà fún un láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé ẹjọ́ ní Àbújá kí wọ́n tó fi ìjókòó yanjú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà: ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń sọ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ó dáa, kí la ó ṣe? Bí àpótí bá yọ, ẹ wo ibi tí "Reject all" tàbí "Necessary only" wà kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ojúewé yóò ṣí bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí kò bá sí níwájú, ẹ tẹ "Manage options". Níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún apá kan tí wọ́n ń pè ní "Legitimate interest". Wọ́n máa ń tan iná ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ pa á ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ tẹ "Object to all". Bí ìkànnì náà bá ní bí ẹ kò bá gbà kí ẹ máa lọ, ìròyìn kan náà wà lórí ìkànnì mìíràn.

Lórí Chrome, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó tò sókè, ẹ wọ "Settings", lẹ́yìn náà "Site settings", ẹ wá "Third-party cookies", kí ẹ dí i. Ìyẹn nìkan á lé ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wa yẹn jìnnà díẹ̀. Ẹni tó bá ń lo "Incognito" tó rò pé ojú kankan kò rí òun, ó kàn fi ìrìn rẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni. Ìkànnì ṣì ń rí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Google gbà láti pa àìlóǹkà àkọsílẹ̀ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rẹ́ nítorí ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà.

Ti áàpù ló ṣe pàtàkì jù. Nínú "Settings" fóònù, ẹ wọ "Apps", kí ẹ wá "Permissions". Ẹ wo gbogbo áàpù tó ní àṣẹ lórí "Contacts", kí ẹ gbà á lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ pe àna rẹ? Lórí Android tuntun, "Privacy", lẹ́yìn náà "Ads", ẹ ó rí ibi tí ẹ ó ti pa nọ́ńbà ìpolówó yẹn rẹ́. Bí ẹnìkan bá fi líǹkì áàpù owó yíyá ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé kí ẹ gbà á láìgba Play Store, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí òfin Google tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò dé ibẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ tí kò ní ọ̀nà mìíràn, kó kọ́kọ́ wo ìkànnì FCCPC bóyá orúkọ ayánilówó náà wà níbẹ̀. Wọ́n ju 400 lọ ní 2025. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò sọ pé olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí a ti lè mú un. Àti pé àjẹsẹ́kù owó àjọ àti ti kóópù wa ṣì wà. Èlé ibẹ̀ kì í ṣe sọgúndogójì.

Ẹ̀yin kan á ní ẹ ti yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Ó dára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ti kó lọ kò bá a kúrò. Ìwé ni kí ẹ kọ sí wọn, pé ẹ gba ìyọ̀ǹda yín padà, àti pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa ibi iṣẹ́. Òfin 2023 ka àwọn ọ̀rọ̀ kan sí èyí tó ẹlẹgẹ́ ju àwọn tó kù lọ, tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣeré: àìsàn ẹni, ẹ̀sìn ẹni, àmì ìka ẹni, àti wíwà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dárúkọ wa. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti gbé káàdì géètì tì, ìka la fi ń wọlé báyìí. Àwọn awakọ̀ ní ẹ̀rọ atọpinpin nínú ọkọ̀ wọn. Èmi kò bá ẹ̀rọ inú ọkọ̀ jà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí a ń rìn lóru kò ní bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń wò ó, ìgbà tí wọ́n ń pa á rẹ́, àti bóyá ó ṣì ń wo awakọ̀ lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́ tó sì wà nílé rẹ̀. Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ta ni nínú wa ni yóò wo ojú ọ̀gá tó gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tó wọṣẹ́, tí yóò ní òun kò gbà? Abala 34 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka yìí béèrè rẹ̀ pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, kí ó má di pé wọ́n ń fojú sí ẹnìkan lára.

Ẹni tí wọ́n bá ti kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ ìdójútì bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ sí nítorí gbèsè ẹlòmíràn, kó má pa á rẹ́ nítorí ìtìjú. Kó ya àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, kí ọjọ́, aago àti nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ hàn níbẹ̀. FCCPC àti NDPC méjèèjì ló ń gba ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ ni. Akọ̀wé ti ní òun yóò bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kọ ọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró dè mí lẹ́yìn tí ìpàdé bá tú ká, kó sì mú fóònù rẹ̀ dání.